Kí Wọ́n Tó Gbé Ère Wá sí Ìsọlọ̀

Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì, tó sì béèrè pé níbo ni páàkì wà, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ni wọ́n máa nawọ́ sí. Wọ́n á bi í pé ṣé Abẹ́òkúta ló ń lọ ni tàbí Ìbàdàn. Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ á lọ síbi tí igi wà, tí bẹ́ǹṣì wà, tí ènìyàn lè jókòó sí kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ní Òṣòdì, ọkọ̀ ló ni páàkì: kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pariwo "Òṣòdì Òkè! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", agbèrò tó ń gbowó lọ́wọ́ dírẹ́bà, ìyá tó gbé omi inú ọ̀rá lérí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ọgbà lòun ń wí, kì í ṣe gáréèjì.

Ọgbà wà níbẹ̀ ṣá o. Ní oṣù Kínní ọdún 2009, ìjọba Babatunde Fashola wó àwọn ìsọ̀ tó ti gba ojú títì àti ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Òṣòdì, wọ́n sì gbin koríko àti òdòdó sí apá kan ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ọdún 2011 ni òfin dá àjọ LASPARK sílẹ̀ kí ó máa tọ́jú ọgbà àti igi jákèjádò ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tó di oṣù Kínní ọdún 2016, ìjọba Akinwunmi Ambode wó ọjà Owónífáàrí, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí Ìsọ̀pakodówó ní Bọ́ládé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá alápá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sí Òṣòdì. Ọmọ tí wọ́n bí ní Máfolúkù ní ọdún 2000 kò lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ra ata nígbà tó wà lọ́mọdé. Ibẹ̀ kò sí mọ́. Ojú ìlú ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọmọ náà tó pé ogún ọdún.

Àdúgbò tí ojú rẹ̀ ń yí báyìí nílò ohun tí yóò dúró. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 621,509 ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ohun tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni ohun tó ń kọjá lọ: ọkọ̀, èrò, ọjà, omi ẹ̀gbin. Bí ọgbà kékeré kan bá wà ní Ìsọlọ̀ tàbí ní Máfolúkù, tí káńsù sì rí owó díẹ̀ tí ó fẹ́ fi gbé iṣẹ́ ọnà sínú rẹ̀, ó dára púpọ̀. Àmọ́ ta ni yóò sọ ohun tí iṣẹ́ ọnà náà yóò jẹ́? Lórí ìbéèrè yìí ni gbogbo nǹkan ti máa ń dára tàbí ti máa ń bàjẹ́, tipẹ́tipẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí yóò máa jókòó lábẹ́ iṣẹ́ náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi. Ibi kan sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí tí àwọn ènìyàn ti dáhùn ìbéèrè náà kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ń lẹ́, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù àti ọta ìbọn sí nínú bárékè sójà ní Ìkẹjà. Ó bú gbàù. Ó tún bú. Ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà réré sí bárékè, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan rò pé ogun ti dé, àwọn mìíràn rò pé àwọn ológun tún ti fẹ́ gbàjọba. Ìyá pọn ọmọ, bàbá fa ọmọ lọ́wọ́, olúkúlùkù ń sá tẹ̀lé ẹni tó ń sá níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wọn dé etí kànáàlì tó wà ní Òkè-Afá, láàrin Ìsọlọ̀ àti Ejìgbò. Koríko ojú omi ti bo kànáàlì náà. Lójú ẹni tó ń sá nínú òkùnkùn, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Wọ́n kó sí i, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì mọ̀ pé àwọn ń ti àwọn tó wà níwájú sínú omi.

Ó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó kú. Inú kànáàlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí, àwọn ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀. Òkè-Afá náà ni wọ́n sin púpọ̀ nínú àwọn òkú náà sí pọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbé ọwọ̀n ìrántí wọn kalẹ̀ sí. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ 27 oṣù Kínní bá ti pé, àwọn ẹbí máa ń kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n á gbàdúrà. Àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n sì yè é ti di òbí fúnra wọn.

Kì í ṣe ibi ìrántí Òkè-Afá ló ga jù ní Èkó, òun kọ́ ló sì rẹwà jù. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni, nínú gbogbo ohun tí ìjọba gbé kalẹ̀ sí gbangba ní àyíká yìí, tí ẹnikẹ́ni kò ní láti ṣàlàyé fún ará àdúgbò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ìsọlọ̀ mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ ló sọ fún un. Wọn kò ní láti fi ọlọ́pàá ṣọ́ ọ kí wọ́n tó bọ̀wọ̀ fún un. Ó ti ara ohun tí ojú wọn rí jáde.

Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington. Ní ọdún 1981, wọ́n ṣe ìdíje fún ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó kú ní Vietnam. Àwòrán 1,421 ló wọlé, nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò orúkọ, kí àwọn adájọ́ má bàa mọ ẹni tó ya èwo. Èyí tó gbégbá orókè jẹ́ ti Maya Lin, ọmọ yunifásítì, ọmọ ọdún 21. Ògiri òkúta dúdú ni, tó rì sínú ilẹ̀, tó sì ní orúkọ olóògbé 57,939 lára nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1982. Àwọn kan bínú gidigidi. Wọ́n ní ère akọni làwọn ń fẹ́, wọn ò fẹ́ ògiri dúdú. Lónìí, àwọn ẹbí ń fi ìka tọ orúkọ ènìyàn wọn lára òkúta náà, wọ́n ń fi bébà àti pẹ́ńsù tẹ orúkọ náà lọ sílé. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé orúkọ ẹni tó gbajúmọ̀ nìkan, ọmọ ọdún 21 yẹn ì bá má rí iṣẹ́ náà gbà láéláé.

Èkó ti rí òdìkejì èyí, kò sì tíì pẹ́. Ìpínlẹ̀ náà pé àádọ́ta ọdún ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ère sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kíákíá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹjà, èyí tí Hamza Atta ṣe. Awólọ́wọ̀ jókòó, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó sì wọ bàtà òyìnbó olókùn. Bàtà yẹn ló di ọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé ta ló rí Awólọ́wọ̀ rí tó fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ agbádá, oníṣẹ́ ọnà sì ní láti jáde wá ṣàlàyé ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ ìbí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, wọ́n ṣí ère rẹ̀ tí Abolore Sobayo ṣe ní òríta Allen. Aṣọ Fẹlá ló dúró níbẹ̀. Ère náà kò ní orí. Àwọn kan rí i pé ọgbọ́n ńlá ni, nítorí Fẹlá ti ju ojú kan ṣoṣo lọ. Àwọn mìíràn kàn ń béèrè pé orí ẹ̀ dà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2018, ní ìrántí ọgọ́rin ọdún tí wọ́n bí Gani Fawẹhìnmi, wọ́n ṣí ère rẹ̀ tuntun tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 44 ní Ọ̀jọ́ta, nínú ọgbà tí àwọn olùfẹ̀hónúhàn ti kún ní oṣù Kínní ọdún 2012 nígbà tí owó epo lọ sókè. Òmíràn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn.

Ti Àrò Mẹ́ta ló dunni jù. Ọdún 1991 ni wọ́n gbé ère àwọn ìjòyè Èkó mẹ́ta náà, iṣẹ́ Bodun Shodeinde, kalẹ̀ sí ẹnu ibodè Èkó lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Gbogbo ẹni tó wọ Èkó láti òkè ló mọ̀ ọ́n: àwọn àgbà mẹ́ta onífìlà funfun tó ń kí àlejò. Lọ́wọ́ wọn ni ọmọ tó ń rin ìrìn àjò àkọ́kọ́ ti máa ń mọ̀ pé òun ti dé. Nígbà ìjọba Ambode, wọ́n ṣí i nídìí, wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìlú ńlá ni Ẹ̀pẹ́, iṣẹ́ ọnà sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ère tó ń kí àlejò káàbọ̀ sí Èkó, ẹnu ibodè ni ipò rẹ̀. Ìjọba ló ni ère náà lábẹ́ òfin. Lọ́kàn àwọn tó ti ń wò ó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tiwọn ni.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àìfi àwòṣe han ará ìlú ló ń fa àríyànjiyàn. Bí wọ́n bá gbé àwòṣe kékeré, èyí tí kò ga ju orókún lọ, sí gbọ̀ngàn káńsù tàbí sẹ́nu ọjà fún oṣù kan, tí ìyá ọlọ́jà wò ó, tí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wò ó, tí àwọn ọmọ iléèwé rẹ́rìn-ín sí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ bàtà ì bá ti yanjú kí ère tó gòkè. Àtúnṣe àwòṣe kò gbówó lórí. Àtúnṣe ère tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà ogún ń gbówó lórí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí Ọgọ́gà ti Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó fún ààfin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó ránṣẹ́ sí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò sí irú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ ẹ nílé rẹ̀ kó wá gbé e wá. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí ààfin, ó gbé ibẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, oúnjẹ ọba ló ń jẹ, ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú náà ló sì gbẹ́ sára igi. Lára ìlẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ ọ̀gá òyìnbó tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ Ọgọ́gà, àwọn aláàárù lábẹ́ rẹ̀, ọba lórí ìtẹ́ rẹ̀ tí kò dìde. Ará Ìkẹ́rẹ́ tó bá wò ó rí ọjọ́ tí òun tàbí bàbá òun wà níbẹ̀. Nígbà tí ìlẹ̀kùn náà dé ibi ìfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, ilé ìṣúra ìtàn ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní kí Ọgọ́gà fún àwọn. Ọba kò gba owó. Ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún òun dípò rẹ̀, wọ́n sì ṣe é. Ọba tó mọ iyì iṣẹ́ tó gbé fún oníṣẹ́ ọnà ni.

Kò di dandan kí oníṣẹ́ ọnà jẹ́ gbajúmọ̀. Ní Òṣogbo láàárín ọdún 1960 sí 1969, Ulli Beier, olùkọ́ ará Jámánì, ṣètò ìdíje fún àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ẹranko, bí irú àwọn kìnnìún tó wà lókè ilé àwọn Àgùdà. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, yọ láàárín wọn. Kò pẹ́ tó fi ń ṣe ògiri sìmẹ́ńtì oníhò, tó kún fún ènìyàn àti ẹranko. Ilé epo kan ní Òṣogbo gba irú ògiri bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger sì jọ mọ ògiri àti ère sínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ wò ó dáadáa: ilé epo. Ibi tí dírẹ́bà ti ń ra epo ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọnà sí, kò sì sí ẹni tó ní kí ó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wò ó. Bí ó bá ṣeé ṣe nílé epo ní Òṣogbo, kí ló dé tí kò ní ṣeé ṣe lábẹ́ afárá Òṣòdì?

Ọmọ Yorùbá kan ti ṣe irú rẹ̀ lábẹ́ afárá ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n bí Yinka Ilori síbẹ̀, ọmọ àwọn òbí tó wá láti Nàìjíríà ni, àǹkárá àti òwe ilé ló sì ń fi ṣe iṣẹ́. Ní Battersea, ọ̀nà kan wà lábẹ́ afárá rélùwéè, Thessaly Road, tó dúdú tó sì ń ba àwọn tó ń gbà á lálẹ́ lẹ́rù. Wọ́n ṣe ìdíje, àwòrán Ilori ló borí, nígbà tó sì di ọdún 2019 wọ́n fi pátákó irin 56 bo ògiri náà, èyí tí wọ́n fi iná sun àwọ̀ mọ́ lára kí ó má bàa ṣí: òféfèé, pupa, ọsàn, àwọ̀ ewé. Wọn kò gbé akọni kankan síbẹ̀. Àwọ̀ lásán ni, ní ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá ti gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá lọ́wọ́ alẹ́, tó di àpò rẹ̀ mú, yóò mọ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n fi iná sun àwọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí Òṣòdì kò ní pẹ́ ba ọ̀dà lásán jẹ́. Èéfín dánfó, eruku ọyẹ́, òjò oṣù Kẹfà, ọwọ́ èrò, pósítà ìdìbò: àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà yà sára ògiri kì í pẹ́ kó tó ṣá. Irin lágbára, àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní sì wà tó ń fi irin àlòkù ṣe ìyanu. Olu Amoda, tó kọ́ni ní Yaba Tech, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní ìpàtẹ Dakar ní 2014, irin àlòkù sì ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Dotun Popoola ń fi í jó ẹṣin àti ẹyẹ pọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọjà Ládípọ̀ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsọlọ̀, tó kún fún irin ọkọ̀ tí kò wúlò mọ́. Wẹ́dà kò sì wọ́n ní Máfolúkù. Ère tí wọ́n bá fi jíà àti rímù Ládípọ̀ ṣe yóò jẹ́ ti àdúgbò láti inú egungun rẹ̀ wá.

Síbẹ̀, àwọn tó ń tú irin lára afárá Èkó lọ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù kò ní bọ̀wọ̀ fún ère. Ohun tí wọ́n bá fi irin ṣe gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀ kọnkéré tó jìn, kí wọ́n sì fi wẹ́dìn so ó pọ̀ láìfi nọ́ọ̀tì tí ènìyàn lè tú. Fáíbà fúyẹ́, kò wọ́n tó idẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń là bí oòrùn bá pa á pẹ́, bí ọmọdé bá sì gun orí rẹ̀ ó lè kán. Sìmẹ́ńtì bí ti Àkànjí, àti táìlì wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò mọ́ ògiri, ni ó jọ pé ó bá Ìsọlọ̀ mu jù: a lè fọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó lè jí i tà, ọmọdé sì lè jókòó lé e. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi irú táìlì bẹ́ẹ̀ bò, lábẹ́ igi tó ní ìbòòji, iṣẹ́ ọnà ni, àga sì ni. Nínú ọgbà kékeré, ohun tí ènìyàn lè lò sàn ju ohun tí ó kàn lè wò lọ.

Owó ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ. Iṣẹ́ gbangba kì í ṣe àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀. Oníṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ ra irin, kí ó san owó wẹ́dà, kí ó gba ọkọ̀ tí yóò gbé e, kí ó sanwó fún ẹnjiníà tí yóò wo ìpìlẹ̀. Bí wọn kò bá fún un ní àsansílẹ̀, ó di dandan kí ó yáwó, ẹni tó bá sì fi owó èlé ṣiṣẹ́ yóò gé ohun kan kúrò nínú iṣẹ́ náà. Àdéhùn gidi máa ń pín owó náà: apá kan nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí àwòṣe, apá kan nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ìyókù nígbà tó bá dúró. Ó sì máa ń ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ tí kò ní ẹni tí yóò fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún ti di àkìtàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Àwọn ìlú mìíràn ti fi òfin ṣe é: Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1959, pé bí ìjọba bá ń kọ́lé, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún, ká sọ ọ́ lọ́nà tiwa, gbọ́dọ̀ lọ sí iṣẹ́ ọnà. Ká ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀ Òṣòdì, owó tí yóò jáde níbẹ̀ ì bá tó fún gbogbo ọgbà kékeré tó wà láti Bọ́ládé dé Ejìgbò.

Orúkọ ńkọ́? Lára òkúta ìṣílé ní Nàìjíríà, orúkọ gómìnà àti kọmíṣọ́nà máa ń tóbi gàdàgbà. Orúkọ ẹni tó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, máa ń kéré. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún oníṣẹ́ ọnà ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ mọ́ ọn, àti pé kí wọ́n má ba a jẹ́ lọ́nà tó lè tàbùkù rẹ̀. Káńsù tó bá fẹ́ ṣe dáadáa kò ní láti dúró de ilé ẹjọ́ kó tó kọ orúkọ náà gàgàrà.

Àwọn kan yóò sọ pé ère, òrìṣà ni. Kò yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá mọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ mọ iye mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀. Ní Dakar, nígbà tí Ààrẹ Abdoulaye Wade ń kọ́ ère ńlá tí wọ́n ṣí ní 2010, àwọn ìmáàmù kò gbà, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni, àwọn mìíràn sì ń bínú sí itan obìnrin tó hàn níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Kòríà Àríwá ló kọ́ ọ, ó ga tó mítà 49, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ná. Wọn kò bá ará ìlú jókòó tó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Yusuf Grillo, tó darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ gíláàsì aláwọ̀ rẹ̀ ló wà lára fèrèsé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó, All Saints ní Yábàá sì wà lára wọn. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún un mọ ohun tí wọ́n fẹ́, òun náà sì mọ bí ó ṣe lè bọ̀wọ̀ fún un. Bí àwọn àgbà ẹ̀sìn bá wà níbi ìjókòó àkọ́kọ́, wọn kò ní dé ọjọ́ ìṣílé pẹ̀lú ìbínú.

Ìtàn tí iṣẹ́ ọnà lè sọ kò tán síbẹ̀ o. Orúkọ Òṣòdì fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ìdílé Òṣòdì Landuji, ọmọ Tápà tó di balógun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ó bá ọba rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó padà ní 1862, ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó, ó sì kú ní 1868. Mélòó nínú àwọn tó ń pe orúkọ rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ló mọ̀ pé ènìyàn ni? Ojú irin tó la Òṣòdì já ni wọ́n fi dé Ìbàdàn ní 1901. Ìsọlọ̀ ni Alhaji Síkírù Àyìndé Barrister, ẹni tó mú fújì dé gbogbo ayé, kọ́ ilé tó pè ní Fuji Chambers sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí àwọn ará àdúgbò má fẹ́ akọni kankan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ère ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá, tàbí ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó fi ọwọ́ kan dirọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dánfó. Bí wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n wí ló tọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti Ejìgbò ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọgbà, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ ọnà, kí ẹ tó ka iye owó, ẹ lọ sí Òkè-Afá. Ẹ má gbé máíkì lọ, ẹ má pe akọ̀ròyìn. Ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tí àwọn ìyá ń fọwọ́ kàn, ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó wà nínú ọgbà tó wà ládùúgbò wọn. Àwọn ẹbí yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Kínní.